Ọ̀nà Tí Eruku Ń Gbà

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ tú àṣírí Tapàrà. Ọkùnrin náà lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Bí ó bá bú sẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, àwọn tó ń kọjá lójú títì á gbọ́, ẹni tí kò mọ ohun tó fà á pàápàá á bá a rín in. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Oníléru, ìyẹn ẹni tó ń yọ́ irin níbi iṣẹ́ wọn, ń ròyìn fún wọn pé ìyàwó òun kì í fi ẹnu pe òun wá jẹun mọ́, abọ́ ló ń lù, nítorí ariwo ẹ̀rọ ti di òun létí. "Ṣùgbọ́n kí n tó gbọ́ ìró abọ́," ó ní, "ajá aládùúgbò á ti jókòó sídìí tábìlì."

Tapàrà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kò sì parí dáadáa. Láàárín méjì ó di ikọ́, ikọ́ di súfèé nínú àyà, àgbàlagbà ọkùnrin wá fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó ń wá èémí bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó ti lu. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Oníléru fún un lómi, omi kò lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀.

Ọdún kẹtàlélógún rèé tó ti wà nídìí gíráíńdà, ẹ̀rọ tí òkúta rẹ̀ ń yí tó fi ń lọ irin. Àwọn méje péré ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀gá wà lára wọn. Àlòkù irin ni wọ́n ń rà, wọn á yọ́ ọ, wọn á dà á sínú àpótí tí wọ́n fi yanrìn ki: ìdérí gọ́tà, ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, àgbá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi kànga. Bí irin bá tutù, wọn á fọ́ yanrìn kúrò lára rẹ̀, wọn á sì gbé e fún Tapàrà kó fi gíráíńdà gé gbogbo ibi tó bá yọ gọnbu. Iná tó ń ta pàrà pàrà lẹ́nu òkúta rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, débi pé àwọn ọmọ aládùúgbò kò mọ̀ pé wọ́n bí i lórúkọ mìíràn.

Eruku ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ó wà lórí igi àjà, ó wà lẹ́nu fèrèsé, ó wà nínú irun. Ní ìrọ̀lẹ́ wọn á fa rọ́bà afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fọn irin, wọn á fi fọn aṣọ ara wọn, eruku á gbéra bí ẹní fẹ́ ṣígun, wọn á sì dúró sínú rẹ̀ máa ṣàwàdà. Ẹni tó bá tu itọ́ dúdú, wọ́n á ní ara rẹ̀ ti mọ́ nìyẹn.

Ìyàwó Tapàrà kò gba àwàdà kankan lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ múra," ó ní. "Bí ẹ ò bá lè bá mi gun òkè dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún mi kí n wá ọkọ̀. Ṣùgbọ́n a ó lọ."

Dókítà tí wọ́n bá jẹ́ obìnrin, kò ju ọjọ́ orí àkọ́bí wọn lọ. Ó yẹ itọ́ Tapàrà wò, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì padà dé lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé fọ́tò náà síwájú iná.

"Ẹ wò ó, bàbá. Ibi tó dúdú yìí ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹ wá wo àwọn tóótòòtó funfun yìí."

"Ṣé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni?"

"Òun kọ́. Àpá ni. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Ó sọ fún un. Dókítà mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Yanrìn tó lẹ̀ mọ́ ara irin yẹn ni. Bí gíráíńdà bá ti lọ̀ ọ́, á kúnná débi pé ojú ò lè rí i. Eruku tí ẹ ń rí, imú á dá a dúró, ẹ ó fun ún jáde. Èyí tí ẹ ò rí ló ń lọ sí ìsàlẹ̀ àyà, tí kì í jáde mọ́. Ibi tó bá sì bà sí, á dápàá sí i."

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́?" Ìyàwó rẹ̀ ló béèrè.

"Ó wà fún ikọ́ náà, mà, wọn á lè sùn. Ṣùgbọ́n àpá kì í parẹ́. Ohun tó kù ni kí a má jẹ́ kí òmíràn kún un. Kí bàbá kúrò nídìí eruku." Ó ń kọ̀wé, ó wá gbé orí sókè. "Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn bá Tapàrà délé. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ó ti ń gbọ́ súfèé náà nínú àyà rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta, ó kàn ń pè é ní òtútù ni. Ṣùgbọ́n mélòó? Méje. Bí ó ti ń kà wọ́n lọ́kàn, ojú wọn ń wá sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ ẹni tó dá ibi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni ọ̀gá wọn. Ọ̀gá Obìnrin ni wọ́n ń pè é. Bùrọ̀dá lòun máa ń pe Tapàrà, torí aṣọ ilé-ìwé ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí Tapàrà kọ́kọ́ wá bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bàbá náà ti kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ikọ́ ló ṣe é, gbogbo ayé sì gbà pé òtútù ni.

Tapàrà gbé fọ́tò náà lé e lọ́wọ́, ó sọ gbogbo ohun tí dókítà wí. Obìnrin náà gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé. Ó wò ó títí.

"Bàbá mi náà máa ń di ẹsẹ̀ tábìlì mú bíi tiyín," ó ní nígbà tó yá. "A máa ń ra oyin fún wọn. Oyin, Bùrọ̀dá."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, Ọ̀gá."

"Àwa ti wá mọ̀ báyìí." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ ò ní jókòó sídìí gíráíńdà mọ́. Kí la fẹ́ ṣe fún àwọn tó kù?"

Ìbomú ni wọ́n kọ́kọ́ rà. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n lò ó. Ooru iléru kò jẹ́ kí èèyàn lè mí nínú rẹ̀, kálukú bá fà á wá sábẹ́ àgbọ̀n, ìbomú wá di ìborùn. Nígbà náà ni Ọ̀gá sọ pé òun ti rí ibì kan tí wọ́n ti fi fáànù fa eruku gba inú páànù jáde, ó sì béèrè bóyá Tapàrà mọ oníṣẹ́ páànù tó dáńgájíá.

Ta ló tún ń wá ẹlòmíràn? Àbúrò ìyàwó Tapàrà ni oníṣẹ́ páànù tó mọṣẹ́ jù ní gbogbo àdúgbò náà. Àlùmọ́gàjí àti òòlù ló fi ń sọ̀rọ̀. Àrọ, gọ́tà, àpótí, ohunkóhun tó bá tẹ̀, omi kò lè jò níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ṣe páànù ràgàjì kan, ó fẹ̀ bí agboòrùn ọba, ó gbé e kọ́ sókè orí bẹ́ǹṣì gíráíńdà, ó fi fáànù sí ṣóńṣó rẹ̀, ó sì la òrùlé kí eruku lè gba ibẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan fáànù náà, wọ́n rí i tí èéfín ń yí gbirigbiri wọ ẹnu páànù lọ. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Oníléru ní kí wọ́n má jókòó sábẹ́ rẹ̀ jù, kó má baà fa fìlà wọn lọ.

Jẹ́jẹ́, ọ̀kan nínú àwọn méje náà, ni wọ́n gbé sí ipò Tapàrà. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju mẹ́ta lọ lóòjọ́. Tapàrà fúnra rẹ̀ bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó ń yẹ irin tó ti parí wò. Á fi òòlù kékeré kan irin, á dẹ etí: èyí tó pé á dún gbọnran, èyí tó ti sán nínú á dún pọ̀. Iṣẹ́ àgbà ni. Ojú rẹ̀ kò sì ríṣẹ́ púpọ̀ ṣe níbẹ̀, bó ṣe di pé ó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ohun tí kò ṣe rí fún ọdún mẹ́tàlélógún.

Ní òwúrọ̀ kan, oòrùn gba àárín páànù méjì lára ògiri wọlé, ó nà tàn-àn bí okùn, ó gba iwájú Jẹ́jẹ́ kọjá. Níbi tí oòrùn kò dé, afẹ́fẹ́ mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n nínú okùn ìmọ́lẹ̀ yẹn, Tapàrà rí eruku. Kì í ṣe dúdú, kì í ṣe pupa. Ó ń dán wínníwínní bíi fàdákà tí ẹnì kan lọ̀ di ìyẹ̀fun. Ó gbéra lẹ́nu òkúta, ó ń lọ sókè tìrọ̀rùntìrọ̀rùn níbi tí fáànù ti ń pè é. Jẹ́jẹ́ sì tẹ orí ba sórí iṣẹ́ rẹ̀. Kí eruku náà tó dé ẹnu páànù, ojú Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ fọwọ́ bà, imú rẹ̀ ló fi ṣe ojúbodè.

Òòlù ọwọ́ Tapàrà dúró sáfẹ́fẹ́. A ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Páànù náà ń kó èéfín tí gbogbo ayé ń rí, ó sì ń fa èyí tí kò sẹ́ni tó rí gba inú imú èèyàn kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ìyẹn ló jẹ́ kó sọ ọ́ bí kò ṣe yẹ kó sọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà ni àna rẹ̀ mú oníbàárà kan wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Oníbàárà ń yìn ín, ó ń mi orí. Tapàrà bá la ẹnu níwájú gbogbo wọn: "Àna mi, páànù yín dára. Imú Jẹ́jẹ́ ló kàn fi ṣe ọ̀nà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Oníbàárà wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó rántí pé òun níbì kan tí òun ń lọ. Oníṣẹ́ páànù yíjú padà, ó sì jáde.

Kí Tapàrà tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún un, ó jẹ́ kí èémí rẹ̀ kọ́kọ́ délẹ̀.

"Ṣé irọ́ lẹ pa mọ́ ọmọ ìyá mi?"

"Òótọ́ ni mo sọ. Ojú mi ló ṣe."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí ẹ bá jù lu èèyàn bí òkúta, òkúta ló dà. Kò ní gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ibi tó ti bà á ló máa dì mú."

Tapàrà fara ti ẹ̀yìn àga. Ó mọ̀ pé bí àna òun bá bínú lọ, páànù náà á wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn á máa tan fáànù, ọkàn wọn á balẹ̀, Jẹ́jẹ́ á sì máa fà á símú lójoojúmọ́. Ìdánilójú tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ burú ju ẹ̀rù lọ, nítorí ẹni tẹ́rù bá ń bà ṣì lè sá.

Bílẹ̀ ti mọ́, ó gba ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ páànù lọ. Ìrìn tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sinmi. Ó bá a tó ń lu páànù. Òòlù kò dákẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, àna mi."

Gbàn, gbàn, gbàn.

"Ẹ má bínú. Ẹnu mi ló ṣáájú ọgbọ́n mi. Kò yẹ kí n sọ ọ́ níwájú àlejò yín."

Òòlù dúró. Ọkùnrin náà wo bí èjìká Tapàrà ti ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sún mọ́ ọn. "Ẹ jókòó ná, ẹ̀gbọ́n. Èémí yín ò délẹ̀. Èèyàn ò lè bá ẹni tí kò lè mí jà."

"Èmi náà ò lágbára ìjà. Ẹ wá fi ojú ara yín wò ó. Bí mo bá parọ́, ẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn bí mo ti sọ ọ́, n ó sì gbà."

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ibi iṣẹ́, oòrùn ti kúrò lára ògiri yẹn, kò sì sí eruku kankan tí ojú lè rí. Oníṣẹ́ páànù wo àna rẹ̀. Ara Tapàrà tutù. Ọ̀gá Obìnrin ló wọ ọ́fíìsì lọ, ó yọ dígí tó wà lára ògiri rẹ̀, ó gbé e fún Oníléru pé kó dúró síta, kó fi da oòrùn wọlé. Ìmọ́lẹ̀ náà fò lórí àjà, ó fò lórí ẹ̀rọ, ó bà lé Oníléru tìkára rẹ̀ lójú nígbà tó yí i sódì, kó tó wá dúró síwájú gíráíńdà.

Jẹ́jẹ́ gé irin kan. Eruku tó ń dán náà gbéra. Oníṣẹ́ páànù tẹ̀ síwájú, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó wò ó láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan Jẹ́jẹ́ léjìká pé kó dìde, ó jókòó sípò rẹ̀, ó gbé irin mìíràn sẹ́nu òkúta. Ìmọ́lẹ̀ ń bẹ níwájú rẹ̀ báyìí. Ó rí i tó ń bọ̀. Kò mọ̀ pé òun ti di èémí òun mú, títí tí àyà rẹ̀ fi ń jó o, tó pa ẹ̀rọ, tó sáré jáde síta lọ mí.

Nígbà tó padà wọlé, kò wo ẹnikẹ́ni. "Mo gbé agboòrùn lé yín lórí," ó ní, "òjò sì ń ti ìsàlẹ̀ rọ̀."

"Àna mi, kò sẹ́ni tó mọ̀," ni Tapàrà wí.

"Ẹ bá mi gbé àkàbà wá."

Ó tú agboòrùn náà kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ṣe ẹnu kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta gíráíńdà gan-an, ní apá ibi tí iná ń ta sí, kí eruku má rí àyè gbéra rárá kí fáànù tó gbé e mì. Wọn kò tètè rí i ṣe. Àpò aṣọ tó fi sí ìdí páìpù kí eruku lè dúró sínú rẹ̀, iná tó ń ta jó o lu láàárín ọjọ́ méjì. Ó tún páìpù náà fà gùn, ó jẹ́ kó kọ́kọ́ gba inú dúrọ́ọ̀mù olómi lẹ́yìn ilé, kí iná kú síbẹ̀ kó tó kan aṣọ. Gbogbo ìgbà tó bá ti tún nǹkan ṣe, wọn á gbé dígí jáde, wọn á da oòrùn wọlé, wọn á wò ó. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìmọ́lẹ̀ gba iwájú Jẹ́jẹ́ kọjá, kò sì sí ohun tó ń dán nínú rẹ̀.

"Ó ti lọ," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ náà nìyẹn.

Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Wọ́n gbé dígí yípo gbogbo ibi iṣẹ́, wọ́n rí i pé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ yanrìn burú ju ìdí gíráíńdà lọ, àti pé ọwọ̀ gbígbẹ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀ ń jí eruku àná dìde ni. Oníléru, tí ara rẹ̀ ti wà lọ́nà, gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ó fẹ́ máa wọ́n ọn káàkiri títí dé ìdí iléru. Tapàrà tí kò lè sáré sá eré lọ́jọ́ yẹn. Ó gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Omi tí irin yíyọ́ bá bà lé kì í gbẹ wọ́ọ́rọ́wọ́, bíbú ló ń bú, á sì da irin sí èèyàn lára; Oníléru mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, ayọ̀ ló gbé e lọ. Wọ́n bá fẹnu kò: lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da irin, omi kò gbọdọ̀ dé ìdí iléru rárá, bí irin bá ti tutù, wọn á rin yanrìn kí wọ́n tó fọ́ ọ, ọwọ̀ títutù ni wọn á sì fi gbálẹ̀. Ọ̀gá ti rọ́bà afẹ́fẹ́ mọ́ inú yàrá. Aṣọ iṣẹ́ kò tún bá ẹnikẹ́ni lọ sílé mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí Tapàrà sọ èyí fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń rántí gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó ti fi gbọn ẹ̀wù náà lẹ́yìnkùlé.

Lọ́dún kejì, dókítà ya fọ́tò àyà gbogbo wọn, ó sì pe ìyàwó Tapàrà náà kún un. Ti ìyàwó mọ́. Ti Jẹ́jẹ́ mọ́. Ti Ọ̀gá mọ́. Ti Oníléru ní tóótòòtó mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Òun ló ti ń fọ́ yanrìn kó tó bọ́ sídìí iléru. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò dápàárá kankan. Ti Tapàrà kò dín, ó fi díẹ̀ pọ̀ sí i. Dókítà ní àpá yẹn lè máa rìn fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, bí a tilẹ̀ ti kúrò nídìí ohun tó fà á.

Tapàrà rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe kò lè wo òun sàn, ó sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Síbẹ̀ ó máa ń dùn ún nígbà mìíràn, bí ó bá rí Jẹ́jẹ́ tó gbé irin léjìká tó ń kùn lọ́fun. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó máa ń wo Jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Ọkàn kan náà ló ń gbé méjèèjì, kò sì bá a jà sí i.

Òkìkí kàn dé ibi ìdàrin mìíràn lápá kejì ìlú. Wọ́n ní kí oníṣẹ́ páànù wá ṣe irú rẹ̀ fún wọn, kó sì mú ẹni tó kọ́kọ́ rí eruku náà dání. Àwọn méjèèjì jọ gbéra lówùúrọ̀, Ọ̀gá di dígí náà sínú aṣọ fún wọn. Títì yẹn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Kí wọ́n tó rìn jìnnà, oníṣẹ́ páànù dúró lójijì, ó gbójú sókè, ó ń wo òrùlé ilé kan.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe kan páànù yìí, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ burúkú."

Tapàrà fara ti ògiri, ó wo òrùlé náà. Kò rí ohun tó ṣe é. Nígbà tí èémí rẹ̀ délẹ̀, àna rẹ̀ ti wò ó tán, wọ́n ń lọ. Kò pẹ́ ni ọkùnrin náà tún dúró, òrùlé mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, gọ́tà kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan tí kò sí ohun tó ṣe é rárá.

"Àna mi," ni Tapàrà wí, "páànù ìlú yìí kò dára ṣá o."

"Kò dára rárá, ẹ̀gbọ́n," ni èkejì dáhùn. Ó gba dígí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ apá, ó sì dúró wo ìlẹ̀kùn náà títí Tapàrà fi gbé ẹsẹ̀.